Lórí Kẹ̀kẹ́, Lọ́nà Mọ́níyà

Kí àwọn onítakisí Míkírà Ìbàdàn tó gba títì ni èmi àti ọ̀rẹ́ méjì ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ó di ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ dojú kọ wá. A tò tẹ̀lé ara wa bí ìjàlọ: ẹni iwájú ń la afẹ́fẹ́, ti ẹ̀yìn ń jẹ̀gbádùn. Bó bá rẹ ẹni iwájú, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á bọ́ sẹ́yìn, ẹlòmíràn á gbà á. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń gùn lọ sóko, torí wọn ò ní mọ́tò. Èmi ní mọ́tò, mo tún ń làágùn! Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ta ló rán yín?" N kò tíì rí èsì fún un. Àmọ́ ọdún mẹ́ta ni mo fi wa mọ́tò kọjá ìyá alákàrà kan lọ́nà yẹn, tí n kò rí wọn. Lórí kẹ̀kẹ́, òórùn epo wọn ló kọ́kọ́ kí mi. Lónìí, iwájú wọn gan-an ni táyà mi ti jò. Fọkanáísà kò tíì ṣí. Màmá gbé àpótí fún mi, wọ́n ní kí n jókòó, àkàrà máa tó jinná.