Iye Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Pè Kọ́ Ni A Ń San

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan nínú ẹgbẹ́ wa bá àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ọdún ìbílẹ̀ wa, ní Lomé

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ọmọ wa ṣe lè wọ yunifásítì ńlá lókè òkun nígbà tí òbí rẹ̀ kò lówó rẹ̀. N kò ní pẹ́, nítorí mo ti ń gbọ́ ìró gángan níta.

Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tó ń ṣe wá níhìn-ín ni pé a kì í tilẹ̀ béèrè. A gbọ́ orúkọ Harvard, a gbọ́ pé owó ọdún kan níbẹ̀ lé ní 80,000 dọ́là, a sì yí padà lẹ́nu ọ̀nà. Láyé àtijọ́, ìyẹn tọ́. Sylvanus Olympio, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Tógò, kẹ́kọ̀ọ́ ní London School of Economics ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìdílé oníṣòwò ńlá ló ti wá. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ná ọjà ní Assigamé, ẹ mọ̀ pé iye tí òǹtajà kọ́kọ́ pè kọ́ ni a ń san. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yunifásítì yìí rí.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn kan wà tí kì í wo bóyá ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ń béèrè owó kí wọ́n tó gbà á. Harvard, Yale, Princeton, MIT, Amherst, Dartmouth àti Bowdoin wà lára wọn. Bí wọ́n bá ti gba ọmọ, wọ́n á ṣírò ohun tí agbára ìdílé rẹ̀ ká, wọ́n á sì wá ìyókù. Ní Harvard, ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju 100,000 dọ́là lọ, tó lé ní 50 mílíọ̀nù owó séfà wa, kì í san nǹkan kan. Mélòó nínú wa níbí ló ń rí tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn kejì ń ran ọmọ ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo iye tó ń béèrè kí wọ́n tó pinnu láti gbà á. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ tí kò bá béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní rí i gbà mọ́ títí yóò fi parí. Ẹ má sọ pé kí ó kọ́kọ́ wọlé ná, kí a tó sọ̀rọ̀ owó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní terminale, tó mọ ìṣirò bí ẹni mu ún lómi. A kọ gbogbo ìwé tán, ó ku ojú ewé tí wọ́n ti ń béèrè iye tó ń wọlé fún òbí. Bàbá rẹ̀ ń ta páàtì ọkọ̀. Ó wo ìwé náà, ó ní: “Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí n tú àpò mi síta fún òyìnbó ni?” Ó kọ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló kù nígbà náà, ọjọ́ náà sì kọjá. Mo bínú sí i. Nígbà tó yá ni mo rí i pé èmi náà jẹ̀bi. Ọmọ rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti ọdún kan, n kò bá bàbá sọ̀rọ̀ rí. Ta ni yóò ṣí àpò rẹ̀ fún àlejò láàárín ọjọ́ márùn-ún? Ọmọ náà wà ní Yunifásítì Lomé báyìí, ó ń ṣe dáadáa, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí ìdáhùn wọn ì bá jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Ọ́fíìsì tó ń pín ìrànwọ́ owó ní yunifásítì ni ìwé náà ń lọ, kì í ṣe iwájú agbowó-orí. Èyí tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò ni wọ́n ń pè ní CSS Profile, owó séfà wa gan-an la sì fi ń kún un. Ẹni tí kò ní ìwé owó oṣù, kí ó máa kọ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí: iye tó tà, iye tó fi ra ọjà, owó ṣọ́ọ̀bù, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, àwọn ẹbí tó ń bọ́. Ẹ má dín in kù, ẹ má fi kún un. Irọ́ nínú ìwé yìí lè gba àyè lọ́wọ́ ọmọ.

Ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Oṣù kọkànlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn wọ̀nyí ń tì, nígbà tí ọmọ wa kò tíì jókòó sí BAC. Láti première ni kí ó ti máa kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì fún TOEFL tàbí ìdánwò Duolingo, kí ó sì múra fún SAT, tí Harvard àti MIT ti sọ di dandan padà. Kí a ti túmọ̀ àwọn bulletin rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, a ti mọ́ra láti kọ “élève sérieux”, kí a fọwọ́ sí i, ó parí. Kò tó. Ẹ kọ ohun tí ẹ fi ojú yín rí ọmọ náà ṣe.

N kò ní tàn yín. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fi Tógò kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá irú àwọn físà kan dúró fún, físà akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Ọmọ tó bá gbójú lé Amẹ́ríkà nìkan lè fara pa. Kí ó kọ̀wé síbòmíràn pẹ̀lú. Yunifásítì Toronto ní Kánádà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Lester B. Pearson, tó ń san owó ẹ̀kọ́, ìwé àti ibùgbé fún ọdún 4, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ló gbọ́dọ̀ fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba kì í gba owó ẹ̀kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ní láti fi hàn pé òun ní owó tí òun yóò fi jẹun. Òfin físà lè yí padà. Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ kọ́ àti ìwé tó ti tò kalẹ̀ kò ní ṣòfò.

Ẹni tó bá sì ní kí ẹ san mílíọ̀nù kan kí òun bá yín gba “bourse”, ẹ sá fún un. Ọmọ tí kò lágbára tilẹ̀ lè béèrè kí wọ́n yọ owó ìforúkọsílẹ̀ kúrò fún un.

Ohun kan ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Ẹ fún wa ní ìrọ̀lẹ́ kan lóṣù nínú gbọ̀ngàn yìí, kí àwọn ọmọ première àti òbí wọn jókòó pọ̀ pẹ̀lú àwa olùkọ́, kí àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láàárín wa kọ́ àwọn tí kò gbọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Èmi yóò kọ́kọ́ lọ rí àwọn bàbá.

Ọdún á yabo. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àwọn ọmọ wa á lọ ire, wọ́n á bọ̀ ire.