Obì Tí A Fi Ń Bi Ikú: Ẹ Má Fi Oògùn Olóró Sí I

 

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí orúkọ obì àti orógbó. Àdúrà ni àwọn baba wa ń gbọ́ nínú orúkọ méjèèjì. Níbi tí a bá ti ń sọ ọmọ lórúkọ, a ó mú orógbó, a ó ní kí ọmọ náà gbó, kí ó tọ́. A ó mú obì, a ó ní kí ó bi ikú dànù, kí ó bi àrùn sẹ́yìn.

Lójúbọ òrìṣà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ wọn. Obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin ni a fi ń bi òrìṣà léèrè, nítorí awẹ́ rẹ̀ lè ṣíjú sókè, ó sì lè dojú délẹ̀. Gbànja kò ní ju awẹ́ méjì lọ. Òun ni àwọn oníṣòwò ń kó lọ sí Òkè Ọya. Orógbó kò láwẹ́ rárá, síbẹ̀ òun ni Ṣàngó ń gbà, kì í gba obì. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ gbin obì kọ́kọ́ mọ èyí tí oníbàárà rẹ̀ ń fẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Tútù ni a ń jẹ obì. A kì í sè é, a kì í yan án. Ẹni tó bá wọ́n oògùn apakòkòrò bíi DDVP sí obì inú apẹ̀rẹ̀, ẹnu àgbàlagbà tó ń wúre àti ẹnu ìyá ìkókó ló ń da oró sí. Ohun tí a fi ń lé ikú, ṣé ó yẹ kí a fi gbé ikú wọlé? Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré DDVP lọ́jà gbangba nítorí ìlòkulò.

Ẹ lè béèrè pé, kí ni ká wá ṣe sí kòkòrò tó ń dá obì lu? Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ tètè ká obì tó bá gbó, kí èèpo rẹ̀ tó sán. Ojú ibi tó sán ni kòkòrò ń gbà wọlé.
2. Ẹ ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀ kúrò lábẹ́ igi.
3. Ẹ rẹ obì sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè bó. Ẹ fọ̀ ọ́, kí omi ro kúrò lára rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo èyí tó ti lu.
4. Ẹ fi ewé tútù tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ tó mọ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sì máa pààrọ̀ ewé tó bá gbẹ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ fẹnu kò pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò ní kó obì olóró wá sọ́jà. Ẹni tó bá ń wá irúgbìn gidi, kí ó kàn sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, n'Ìbàdàn. Obì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí.

Kí obì tí a gbìn máa bi ikú fún wa lóòótọ́.