Ṣé Ká Gbẹ́ Ilẹ̀ Lekki Torí Kí Ilé Lè Tutù?

Bí ẹ bá ní ẹbí ní London, ẹ lè ti gbọ́ nípa heat pump. Ìjọba ń fún àwọn onílé ní England àti Wales ní £7,500 kí wọ́n lè fi í rọ́pò ẹ̀rọ gáàsì tó ń mú ilé wọn móoru. Oríṣi kan wà tí wọ́n máa ń ri páìpù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣé ìyẹn lè wúlò fún wa ní Lekki àti Ajah, níbi tí ooru kì í jẹ́ ká sùn?

Heat pump kì í dá ooru sílẹ̀, ńṣe ló ń kó o láti ibì kan lọ síbòmíràn. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín: ooru tó kó jáde nínú oúnjẹ wà níbẹ̀. AC ara ògiri yín náà, heat pump ni.

Ní London, ilẹ̀ tó jìn díẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 10 sí 12°C tọdúntọdún. Nígbà òtútù, ó gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ̀rọ á sì rí ooru kó. Iná ìwọ̀n 1 lè mú ooru ìwọ̀n 3 tàbí 4 wọlé. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ooru á tún padà sínú ilẹ̀. Ó dà bíi kóló: ẹ yọ, ẹ tún fi sí i.

Tiwa ńkọ́? Ilẹ̀ Èkó wà ní nǹkan bíi 27°C. Lọ́sàn-án, ó fi díẹ̀ tutù ju ìta lọ. Lóru, afẹ́fẹ́ ló tutù ju ilẹ̀ lọ. A ò sì ní ìgbà òtútù tí a ó fi yọ ooru. A ó kàn máa rọ ọ́ sínú kóló títí á fi kún, ilẹ̀ á gbóná, ẹ̀rọ á sì máa jẹ iná sí i.

Ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe eré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC gbé owó àwọn tó wà ní Band A láti ₦68 lọ sí ₦225 fún unit kan. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ fún yín, ẹ ní kó ṣírò rẹ̀ lójú yín kí ẹ tó sanwó. Lójú tèmi, ohun tó ń dí ooru lórí sílìn, igi níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé, àti AC inverter tí ẹ gbé sí 25°C ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ kọ́lé ní Ajah. Ó dìgbà kan ná.