Agogo Tí Ìjọba Ń Lù Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì



Ní ayé àtijọ́, bí Kábíyèsí bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ìlú sọ, akéde ni yóò gbé agogo, tí yóò sì máa lù ú kiri àdúgbò. Bí ìlú náà bá ní èsì, àwọn ìjòyè a gbé e lọ sí ààfin. Ọ̀rọ̀ ń lọ, èsì ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú fi ń tòrò.

Lóde òní, ìjọba ti rí agogo mìíràn lù. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó wà: Facebook ni ọ̀kan, Twitter, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí X ní ọdún 2023, sì ni èkejì. Rédíò a máa bá wa sọ̀rọ̀, a kò sì lè dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ẹni tí ó ní fóònù lè kọ èsì tirẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba lójú ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, orí Facebook ni Ààrẹ Goodluck Jonathan ti kéde pé òun yóò du ipò Ààrẹ. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, orí Twitter ni àjọ ìjọba tí ń gbógun ti àjàkálẹ̀-àrùn ti ń kéde iye àwọn tí àrùn náà mú.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ kúrò. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ó ní wọ́n ń lò ó láti da orílẹ̀-èdè rú. Orí Twitter kan náà ni wọ́n ti kéde títìpa náà! Ó ju oṣù 7 lọ kí wọ́n tó ṣí i ní ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Nínú oṣù keje ọdún náà, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé títì í pa lòdì sí òfin, nítorí ó dí àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ọjà ni irú ibi bẹ́ẹ̀. Ìjọba lè lu agogo níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà kì í ṣe ti akéde nìkan. Ìjọba tí ó bá fẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀, kí ó gbọ́ tiwa, kí ó sì dáhùn.

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Bí kànga bá bàjẹ́ tàbí afárá já, ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ má bú ènìyàn, ẹ má sì tan àhesọ kálẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ka èsì ìjọba sí etí àwọn àgbà tí kò ní fóònù, kí ẹ sì bá wọn kọ èrò tiwọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.