Iná Ìgbẹ́ àti Àsìkò Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)



A kò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí láìjẹ́wọ́ ẹ̀bi ti ara wa. Ní oṣù Kẹta èṣín, àwa olùkọ́ ni a ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé dáná sun koríko tí wọ́n ti ṣán sí etí oko ilé-ìwé. Ọ̀sán gangan ni, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Kí a tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, iná ti fo ọ̀nà, ó sì ti jó èbù iṣu bàbá kan tí oko rẹ̀ wà lẹ́bàá tiwa. A dáwó fún bàbá náà, ṣùgbọ́n owó kì í hù bí èbù.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń wí pé kí Ẹgbẹ́ ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun ìgbẹ́ mọ́ láé. A bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n a kò gbà pé yóò ràn wá lọ́wọ́. Iná wúlò fún àgbẹ̀, ó wúlò fún ọdẹ. Bí a bá kà á léèwọ̀ pátápátá, àwọn ènìyàn yóò máa dáná, wọn yóò sì máa sá fún un. Àsìkò ni ó yẹ kí a ṣe òfin lé lórí.

Ní ọdún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń tọ́jú igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Olókèméjì, láàrín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń sun ilẹ̀ kan ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò sì jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta rárá. Lẹ́yìn ọdún 28, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Ilẹ̀ kẹta ti di igbó dídí. Igi orí ilẹ̀ kejì pọ̀ ju ti èkíní lọ. Èkíní sì jẹ́ ọ̀dàn, koríko ni ó gba ibẹ̀.

Kí ni ó fà á? Ní oṣù Kejìlá, ìdí koríko ṣì tutù; iná a máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí ó bá fi di oṣù Kẹta, ọyẹ́ àti oòrùn ti gbẹ koríko tán, igi sì ti ń rúwé tuntun. Iná ìgbà náà a máa ga, a sì máa pa àwọn igi kéékèèké. Ṣùgbọ́n koríko kò kú, nítorí láti abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti ń hù padà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dàn ṣe ń jẹ igbó mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí Kábíyèsí máa kéde ọjọ́ tí a ó sun ìgbẹ́, kí oṣù Kejìlá tó parí. Èkejì, ẹni tí oko rẹ̀ kò bá ṣeé sun àfi lẹ́yìn ìgbà náà, kí ó kọ́kọ́ ro etí rẹ̀ yí ká mọ́ tónítóní, nítorí iná kì í jẹ erùpẹ̀. Kí ó sì sọ fún àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà. Ẹ̀kẹta, ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀ ni kí a máa dáná, kí a sì dúró tì í títí yóò fi kú.

Àwọn baba wa wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwa tí a ṣẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pa òfin yìí mọ́.