Ẹ Má Fa Egungun Tí Ó Kán
Bí ọ̀kadà bá gbé ènìyàn ṣubú ní Lọ́kọ́ja, àánú ni í mú wa sáré gbé e dìde. Ṣùgbọ́n bí egungun bá ti kán, ìgbédìde bẹ́ẹ̀ lè mú kí ṣóńṣó rẹ̀ gé iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà lójú kan. Ẹ má fà á, ẹ má sì wọ́ ọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́. Ẹ pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní 122. Bí wọ́n bá pẹ́, ẹ fi pákó àti aṣọ ti ẹsẹ̀ náà. Bí ìka bá tutù, ẹ dẹ ìdè. Ọmọlúàbí kì í fi ẹni tí ó fara pa sílẹ̀.