Ohun tí Ogun Kírìjì Kọ́ Wa Nípa Ààbò Ìlú
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ ní Èrìjìyàn-Èkìtì)



Láàrin Aràmọ̀kọ́, Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n àti Òkèmẹ̀sí ni a jókòó sí lónìí. Láti ayébáyé ni ìlú kọ̀ọ̀kan níbí ti ní ọba tirẹ̀. Ajerò kò sin Alárá, Alárá kò sin Aláayè. Iyì ni èyí, ṣùgbọ́n òun náà ni ó jẹ́ kí ogun Ìbàdàn lè mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn ajẹ́lẹ̀ náà àti ọmọ ẹ̀yìn wọn a máa kó ohun-ìní ará ìlú, wọn a sì máa fi ọwọ́ ọlá gbá wọn lójú.

Ní 1878, Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀, ogun sì bẹ́. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn di Èkìtì-Parapọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: Fábùnmi ni ó kọ́kọ́ ṣíwájú, ṣùgbọ́n nígbà tí Ògèdèngbé ti Iléṣà dé, abẹ́ rẹ̀ ni ó jà. Bẹ́ẹ̀ ni Ògèdèngbé yìí kan náà ti gbógun wá sí ilẹ̀ Èkìtì rí. Wọ́n gbé ìjà àtijọ́ tì. Àwọn ọmọ wọn ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́. Ìbàdàn kò lè borí wọn mọ́, títí a fi ṣe àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù September 1886. Ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ibùdó ká.

Mùsùlùmí ni Ààrẹ Látóòsà, olórí ogun Ìbàdàn, ẹni tí ó kú sí ibùdó ogun ní 1885. Ǹjẹ́ èyí sọ ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ di ẹ̀tọ́ bí? Rárá o. Àbòsí kò ní ẹ̀sìn.

Kí ni èyí kàn wá lónìí? Ní ọjọ́ 29 oṣù January 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì ní Èkìtì, ti Ìmòjò àti ti Ẹ̀sùn. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé gbé ní agbègbè Èmùré. A gba àwọn ọmọ náà padà ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n awakọ̀ wọn kò padà wálé mọ́.

Láti 2020 ni a ti ní Àmọ̀tẹ́kùn, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni ó mọ ipa ọ̀nà oko jù. Bí Aràmọ̀kọ́ bá gbọ́ ìròyìn tí kò sọ fún Èrìjìyàn, a ti padà sí ìgbà ajẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí ohun tí ó mú ìfura wá, ẹ sọ fún ọba, Àmọ̀tẹ́kùn àti ọlọ́pàá. Ẹ má ṣe dá a ṣe.

Àwọn kan ń wí pé gbogbo Fúlàní ni ajínigbé. Ẹ má bá wọn wí i. Ọlọ́hun ti kìlọ̀ fún wa nínú Súrátul-Máídah, ẹsẹ̀ kẹjọ, pé ìkórìíra kò gbọdọ̀ gba òdodo lọ́wọ́ wa. Ẹ má sì ṣe bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀ nítorí pé orúkọ Mùsùlùmí ni ó ń jẹ́. Ẹni tí ó bá dáàbò bo aláìṣẹ̀, tí ó sì fi ọ̀daràn hàn, òun ni ó ń ṣọ́ ìlú.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ilé, kí ó ṣọ́ oko wa. Àmín.